Bí wọ́n bá ti rí wa tàn, kí ló kù tí wọn ò lè tàn? Àyẹ̀wò irinṣẹ́ tó ń dènà jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá méjì, Twilio àti Cloudflare, kéde pé àwọn oníjìbìtì fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà dẹ pańpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà jọ ti ilé iṣẹ́, líǹkì inú rẹ̀ sì gbé ènìyàn lọ sí ojú ìwé ìwọlé tó dà bíi ti gidi. Ní Twilio, wọ́n rí ọ̀nà wọlé. Ní Cloudflare, òṣìṣẹ́ mẹ́ta tẹ páásíwọ́ọ̀dù wọn sí ojú ìwé ayédèrú yẹn, síbẹ̀ olè ò rí àyè wọlé. Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ Cloudflare gbọ́n ju ti Twilio lọ. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó ń wọ ojú USB ló yọ wọ́n, èyí tí Cloudflare fi dandan lé fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fi wọn gbogbo irinṣẹ́ inú àyẹ̀wò yìí: bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ni ín tàn, ṣé wọ́n á rí irinṣẹ́ náà tàn pẹ̀lú? Ìdí ni pé gbájúẹ̀ kì í sábà jálẹ̀kùn. Ńṣe ló máa ń kan ilẹ̀kùn, á pe ara rẹ̀ ní ẹni tí kì í ṣe, á sì ní kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Irinṣẹ́ tó bá gbára lé ìfura wa nìkan, ọjọ́ tó bá rẹ̀ wá tàbí tí a bá ń kánjú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Kọ́kọ́rọ́ USB: YubiKey

Yubico tó ń ṣe YubiKey bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní ọdún 2007. Ohun tí wọ́n ń tà kò ní bátìrì, kò ní ojú tí à ń wò, kò sì ju kọ́kọ́rọ́ ilé lọ. Ẹ ó kì í bọ ojú USB, tàbí kí ẹ fi kan ẹ̀yìn fóònù tó ní NFC (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì bára sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fara kanra), ẹ ó sì fi ìka kan irin tó wà lára rẹ̀. Ó parí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ló fi ju àwọn yòókù lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkànnì kan, ó máa ń bí ìbejì: kọ́kọ́rọ́ ìṣirò méjì, ọ̀kan á lọ sọ́dọ̀ ìkànnì náà, èkejì ò ní jáde kúrò nínú irin yẹn láéláé. Orúkọ ìkànnì náà ni wọ́n fi so ìbejì yìí pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún padà wá wọlé, bùráwúsà ló ń sọ fún kọ́kọ́rọ́ irú ìkànnì tí ẹ wà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ojú ènìyàn lè ka rnicrosoft.com kó sì rò pé microsoft.com ni, nítorí r àti n tó fara kanra jọ m. Bùráwúsà ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí kò bá bá èyí tó forúkọ sílẹ̀ mu, kọ́kọ́rọ́ náà ò ní fọhùn, kódà bí onílé bá ń bẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2018, Google sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 tí àwọn ti fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe dandan fún òṣìṣẹ́ tó lé ní 85,000, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n gba àkáǹtì iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ náà. Àṣà tiwa ni. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn ra ẹyọ kan ṣoṣo. Bó bá sọnù, ẹ ti ti ara yín mọ́ ìta. Méjì ni ká rà, ká sì forúkọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan lára kọ́kọ́rọ́ ilé, èkejì níbi tí ẹ ń kó ìwé pàtàkì sí. Àṣà kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí àkáǹtì, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà mìíràn. Olè tó bá dé iwájú kọ́kọ́rọ́ ò ní bá a jà. Á kàn tẹ "Try another way", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí kóòdù àtẹ̀jíṣẹ́ yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Fún àkáǹtì Google, ẹ lọ sí myaccount.google.com, ẹ wọ Security, kí ẹ ṣí 2-Step Verification, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sí i, kí ẹ tẹ Backup codes, kí ẹ kọ kóòdù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí ìwé, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yọ nọ́ńbà fóònù kúrò nínú ọ̀nà ìgbésẹ̀ kejì. Ìgbẹ̀yìn yẹn lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé.

PIN rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ ní láti yọ kọ́kọ́rọ́ náà kí ẹ tún kì í bọ ojú USB kí ó tó gbà. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó ti kú nìyẹn, àfi kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà ní apá FIDO rẹ̀ (ìlànà tí àwọn ìbejì yẹn ń tẹ̀ lé) rẹ́ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. A ò sì lè sọ èyí tó ti pẹ́ di tuntun, torí Yubico ò gbà kí ẹnikẹ́ni yí sọ́fítíwíà inú rẹ̀ padà lẹ́yìn tó bá ti jáde. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá sọ́fítíwíà 5.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú rẹ̀. Irú èyí lè gba passkey (ìbejì tó dípò páásíwọ́ọ̀dù) 100, ti àtijọ́ ò ju 25 lọ. Ti àtijọ́ náà ló ní àbùkù tí wọ́n pè ní EUCLEAK ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, èyí tó lè jẹ́ kí wọ́n dà á kọ. Ṣùgbọ́n olè náà ní láti gbé kọ́kọ́rọ́ yín lọ, kó tú u, kó sì ní ẹ̀rọ olówó gọbọi lórí tábìlì rẹ̀. Gbájúẹ̀ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ò ráyè ìyẹn. Bí ẹ bá ti ní ti àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù.

Yubico ní èyí tí wọ́n pè ní Security Key, tí owó rẹ̀ kéré sí ti YubiKey 5. FIDO nìkan ló ń ṣe. Ìyẹn náà sì ni ohun tí a ń sọ láti òkè, nítorí náà, ó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí tó bá ní lẹ́tà C tó dá dúró tàbí tó tẹ̀ lé 5 nínú orúkọ rẹ̀ ló ní ojú USB-C. Ẹ má ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ bá rà dán ojú ìwé yubico.com/genuine wò kí ẹ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi.

Àléébù rẹ̀ tó ga jù ni pé ọ̀pọ̀ báńkì ò tíì gbà á. Kò sì lè di ẹni tó fúnra rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ ayédèrú lọ́wọ́ mú.

Passkey inú fóònù

Ìṣirò kan náà ni, àfi pé inú fóònù ni ìbejì náà ń gbé, ìka tàbí ojú yín ló sì ń ṣí i. Apple gbé e sínú iOS 16 ní ọdún 2022, Google náà gbé e wá sí Android àti Chrome lọ́dún yẹn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ṣeé tàn bí YubiKey ò ṣe ṣeé tàn. Bí ìkànnì kan bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ṣẹ̀dá passkey, ẹ gbà á.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé Apple tàbí Google ló ń bá yín gbé e kiri láti fóònù kan sí òmíràn. Àkáǹtì yẹn ló wá di ìyá ìsọ̀. Ẹni tó bá sì rí PIN fóònù yín lẹ́yìn èjìká, tó wá já fóònù náà gbà, ó ti ní gbogbo rẹ̀. PIN oní-dígíìtì mẹ́rin kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Mẹ́fà ni kó kéré mọ. Ìmọ̀ràn wa: ẹ fi passkey sí gbogbo ibi tó bá gbà á, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ USB ṣọ́ ìyá ìsọ̀ náà.

Bitwarden, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀

Èyí tí gbogbo ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ lónìí láìná kọ́bọ̀ nìyí. Bitwarden ti wà láti ọdún 2016, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ti ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì ń gba páásíwọ́ọ̀dù tí kò lóǹkà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà yòówù kí ẹ ní. Wọ́n máa ń polówó rẹ̀ pé ó ń bá wa rántí páásíwọ́ọ̀dù. Lójú tiwa, ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni ìgbà tó bá kọ̀ láti ṣe nǹkan kan.

Ẹ wò ó: ẹ dé ojú ìwé báńkì, Bitwarden máa ń gbé orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù yín jáde lójoojúmọ́, àmọ́ lónìí, kò gbé nǹkan kankan wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni kí wọ́n bínú sí i, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n ṣe àdàkọ páásíwọ́ọ̀dù náà, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé ọ̀hún. Báyìí ni ajá tó ń gbó olè ṣe ń jẹ pàṣán lọ́wọ́ onílé. Bí kò bá fọhùn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ ka àdírẹ́sì tó wà lókè. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ló ní àdírẹ́sì ju ọ̀kan lọ. Nígbà náà, ẹ jáde, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì tí ẹ mọ̀, kí ẹ wọlé láti ibẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó: páásíwọ́ọ̀dù àgbà kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan, tí ẹ ò mú láti inú orin tàbí ìwé kankan, tí ẹ kọ sórí bébà ní ibi tó pamọ́. Bitwarden ò mọ̀ ọ́n, kò sì lè bá yín rí i bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀. Ẹ má tan "autofill on page load". Bí wọ́n ṣe ń gbé e fún wa ni pé ó wà ní pípa, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ kó tó kún ojú ìwé. Nínú "URI match detection", ìyẹn bí ó ṣe ń fi àdírẹ́sì wé èyí tó ti pamọ́, "Base domain" ló máa ń wà. Ó dáa fún ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n bí ìkànnì kan bá ń fún ẹnikẹ́ni ní àyè kọ ojú ìwé sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ yí tirẹ̀ sí "Host", kó lè máa wo orúkọ náà lódindi.

Ẹ ó ti gbọ́ ti LastPass, tí òun náà ń pa páásíwọ́ọ̀dù mọ́ bíi Bitwarden. Ní ọdún 2022, olè wọlé sí wọn lára, wọ́n sì kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Páásíwọ́ọ̀dù inú rẹ̀ wà ní títì, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ìkànnì tí oníkálukú ń lò wà ní gbangba, ẹni tí páásíwọ́ọ̀dù àgbà rẹ̀ ò sì lágbára, olè lè jókòó sílé kó máa méfò rẹ̀ títí tó fi máa já. Iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń po páásíwọ́ọ̀dù àgbà kó tó di kọ́kọ́rọ́ ló ń mú kí eré àméfò yìí falẹ̀. Ní Bitwarden, 600,000 ni wọ́n ń lò fún PBKDF2, ìyẹn ọ̀nà pípo náà, láti ọdún 2023. Àkáǹtì tó bá ti wà ṣáájú ìgbà yẹn lè ṣì wà ní 100,000. Ẹ wọ Bitwarden láti orí bùráwúsà, ẹ lọ sí Settings, Security, Keys, kí ẹ wò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àpótí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kankan, KeePassXC ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́ sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́, kọ̀ǹpútà tó bá kú lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀dà ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Kóòdù oní-dígíìtì mẹ́fà

Áàpù méjì, Google Authenticator àti Aegis, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Láti inú àṣírí kan tí ẹ̀yin àti ìkànnì jọ ní, pẹ̀lú aago fóònù, wọ́n ń pèsè dígíìtì mẹ́fà tuntun ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30. Bí kóòdù yín bá ń já sí òfo, ẹ kọ́kọ́ wo aago fóònù; bó bá fi bí ìṣẹ́jú kan yàtọ̀, kò ní bá a mu. Aegis ló wù wá jù fún Android, torí ó ń jẹ́ kí ẹ ṣe ẹ̀dà tí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù tì. Google Authenticator ò ní ọ̀nà láti gbé kóòdù sọ́dọ̀ Google títí di oṣù Kẹrin ọdún 2023, kí ìyẹn tó dé sì rèé, àìmọye ènìyàn ló pàdánù àkáǹtì nítorí fóònù tó bọ́ sómi.

Ẹ fi ìbéèrè wa wọn wọ́n. Ojú ìwé ayédèrú lè ní kí ẹ tẹ kóòdù náà, kó sì sáré gbé e fún ìkànnì gidi kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kì í ṣe ènìyàn. Irinṣẹ́ tí ènìyàn bá lè ka ohun inú rẹ̀ sétí ẹlòmíràn, gbájúẹ̀ lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àárín la fi wọ́n sí.

Kóòdù tó ń bọ̀ nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Yàtọ̀ sí àléébù tí a sọ yìí, olè lè bá òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fóònù dúnàádúrà, kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín lọ sórí SIM tirẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe gba àkáǹtì Twitter lọ́wọ́ Jack Dorsey ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, òun tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Twitter nígbà yẹn. Bí fóònù yín bá ṣàdédé pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ti àwọn tó wà nítòsí sì dúró digbí, ẹ má dúró di ọ̀la kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ fóònù. Síbẹ̀, níbi tí kò bá ti sí òmíràn, ẹ tan ti àtẹ̀jíṣẹ́. Ó sàn ju páásíwọ́ọ̀dù nìkan lọ.

Àwọn tó ń yẹ líǹkì wò

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ irinṣẹ́, bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì nìyí. Ẹ wá ìlà gbọọrọ, /, àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé orúkọ ìkànnì, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì. Nínú microsoft.com.account.example.net/login, example.net ni onílé. Gbogbo microsoft tó wà níwájú, ìlẹ̀kẹ̀ àyálò ni.

Ojú ìwé lookup.icann.org ń sọ ọjọ́ tí wọ́n dá orúkọ ìkànnì sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjà tó ní òun ti ń tà láti ọdún mẹ́wàá, tí orúkọ rẹ̀ ò tíì pé oṣù kan, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ má fi ti pé wọ́n bo orúkọ olówó rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe ẹ̀rí, ó ti di ohun tó wọ́pọ̀. Ọjọ́ orí tó pẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀rí mímọ́, torí olè ń ra orúkọ àtijọ́, ó sì ń jí ìkànnì ẹni ẹlẹ́ni lò.

VirusTotal, tó bẹ̀rẹ̀ ní Málaga ní Sípéènì ní ọdún 2004 tí Google sì rà ní 2012, ń fi líǹkì tàbí fáìlì yín han irinṣẹ́ agbógun-ti-kòkòrò tó lé ní àádọ́rin. Bí púpọ̀ nínú wọn bá pariwo, ẹ sá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá dákẹ́, kò sọ nǹkan kan: ojú ìwé tí wọ́n gbé kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i. Ìṣòro tí àwọn tó ń lò ó kì í sábà mọ̀ tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Fáìlì tí ẹ bá fi sibẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan mọ́; àwọn oníṣẹ́ ààbò tó ń san owó fún VirusTotal lè wà á jáde. Ìwé owó oṣù, ìwé ìrìnnà, líǹkì tí wọ́n fi ń yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ má gbé e débẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú ìsọ̀rí yìí ni Quad9, torí pé kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Láti ọdún 2017 ló ti ń dá wa lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí fóònù bá béèrè ibi tí ìkànnì kan wà, kì í sì í dáhùn bí orúkọ náà bá ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ìkànnì burúkú. Lórí Android 9 sókè, ẹ wá Private DNS nínú Settings, kí ẹ kọ dns.quad9.net sí i. Ìṣẹ́jú kan ò lọ sí i. Ohun tó lè dà bí àṣìṣe ni pé Wi-Fi tó ń gbé ojú ìwé ìwọlé tirẹ̀ wá kí ẹ tó lè lò ó lè kọ̀ láti ṣí. Ẹ dá a padà sí Automatic, kí ẹ wọlé, kí ẹ wá tún dá Quad9 padà.

Have I Been Pwned

Ọmọ Australia kan, Troy Hunt, ló gbé ìkànnì yìí kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ẹ tẹ ímeèlì yín, ó sì máa sọ ibi tí wọ́n ti jí i. Àkójọ LinkedIn tí wọ́n jí ní 2012, tó wá yọjú ní 2016 pẹ̀lú ímeèlì tó lé ní mílíọ̀nù 160, wà níbẹ̀. Ẹ̀rù lè bani láti fi páásíwọ́ọ̀dù wá a, àmọ́ apá Pwned Passwords rẹ̀ gbọ́n: ẹ̀rọ yín á kọ́kọ́ po páásíwọ́ọ̀dù náà di àmì 40, márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ló sì máa fi ránṣẹ́. Síbẹ̀, ojú ìwé kan náà yìí ni gbájúẹ̀ máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀, nítorí náà, ẹ tẹ haveibeenpwned.com fúnra yín. Kò dènà nǹkan kan. Ibi tí iná ti jó ló ń fi hàn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Notify Me, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Àwọn tí kò tó nǹkan: àmì àgádágodo inú bùráwúsà ò fi hàn pé olóòótọ́ ni ìkànnì, pé ẹlòmíràn ò lè fetí kọ́ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú rẹ̀ ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ olè lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Chrome yọ ọ́ kúrò ní 2023 torí pé ó ń ṣì wá lọ́nà. Áàpù tó ń sọ orúkọ ẹni tó ń pè dáa, àmọ́ wọ́n lè gbé nọ́ńbà báńkì wọ̀ bí ẹ̀wù. Google Lens àti TinEye, tó ń wá ibi tí fọ́tò kan ti jáde rí, wúlò fún fọ́tò olólùfẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bó bá jẹ́ fọ́tò tí wọ́n jí. Ojú tí ẹ̀rọ yà látinú òfo, wọn ò ní rí i níbì kankan.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Báńkì ló kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe Facebook. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ẹ má wá a lórí Google, torí ìpolówó ayédèrú lè wà lókè pátápátá. Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí pé jìbìtì ni, kí wọ́n ti àkáǹtì náà, kí wọ́n kàn sí báńkì tí owó náà lọ láti dì í mú, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ìdí tí a fi ń sáré ni pé owó kì í pẹ́ ní àkáǹtì àkọ́kọ́ tó bá balẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ káàdì lẹ fi san án, òfin káàdì ní àyè láti jiyàn sí owó náà, ìrètí wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fọwọ́ ara yín fi ránṣẹ́ ni, ìrètí náà dín kù. Crypto ò ní ẹni tó lè dá a padà; síbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ tó gbà á pẹ̀lú nọ́ńbà ìdúnàádúrà náà, wọ́n lè ti àkáǹtì yẹn.

Bí ẹnì kan bá ti ní kí ẹ fi AnyDesk tàbí TeamViewer, áàpù tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn darí ẹ̀rọ yín láti òkèèrè, sórí ẹ̀rọ, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọ áàpù náà, kí ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù padà láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Ímeèlì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìkànnì yòókù ń fi líǹkì páásíwọ́ọ̀dù tuntun ránṣẹ́ sí. Yíyí i padà nìkan ò tó. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Settings, kí ẹ wo "Filters and Blocked Addresses" àti "Forwarding and POP/IMAP". Olè máa ń fi òfin kan síbẹ̀ tó ń pa ìwé báńkì rẹ́ kí ẹ tó rí i tàbí tó ń fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, òfin yìí á sì máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ẹ lé ẹ̀rọ tí ẹ ò bá mọ̀ jáde lábẹ́ "Your devices", kí ẹ wo nọ́ńbà àti ímeèlì ìgbàpadà bóyá tiyín ni wọ́n ṣì jẹ́.

Bí wọ́n bá gba WhatsApp, ẹ tún fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù yín. Kóòdù oní-dígíìtì mẹ́fà á dé, ẹ tẹ̀ ẹ́, olè á já bọ́. Bí WhatsApp bá wá béèrè PIN tí ẹ ò mọ̀, olè ló fi í síbẹ̀. Ẹ ó dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé láìsí i, ṣùgbọ́n òun náà ti jáde láti ìgbà tí ẹ ti tẹ kóòdù yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Linked devices, kí ẹ sì fi PIN tiyín sí Two-step verification.

Ẹ̀rí: ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́, ẹ má sì tíì dènà rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn, nítorí orúkọ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Fún ímeèlì, ẹ tẹ àmì mẹ́ta, ẹ yan "Show original", kí ẹ gbà á sílẹ̀. Ọ̀nà tí ìwé náà gbà wá wà níbẹ̀. Ẹ lè fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí APWG, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti irú jìbìtì yìí, ní reportphishing@apwg.org. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá bí ẹ ò bá tilẹ̀ gbà pé wọ́n á rí olè mú, torí báńkì lè béèrè ìwé wọn.

Iṣẹ́ kan kù tí a ó fún ní òdo. Òun ni ti àwọn tó ní àwọn ń bá ènìyàn gba owó tó ti lọ padà. Wọ́n máa ń wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì bá kọ síta, wọ́n ní ẹlẹ́rìí rẹpẹtẹ, wọ́n á fi ojú ìwé kan hàn yín tí owó yín ti ń dúró níbẹ̀, wọ́n á wá ní kí ẹ san owó orí tàbí owó ìtúsílẹ̀ kó tó jáde. Gbájúẹ̀ ń ta orúkọ àwọn tó ti rí jẹ fún ara wọn. Ẹni tó bá pè lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tó sì mọ iye tí ẹ pàdánù gan-an láì jẹ́ pé ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ bi í ní ibi tó ti gbọ́.